Èéfín Wo Ló Ń Wọ Inú Yín? Iṣẹ́ Ìbéèrè Tí Mo Fi Ayé Mi Ṣe ní Ìgàndò

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fi ayé mi ṣe, mo máa ń dá a lóhùn pé ìbéèrè ni mo ń béèrè. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọ́n á ní, "Ìyá, ìyẹn náà niṣẹ́?" Iṣẹ́ ni o! Òun ni mo fi tọ́ ọmọ, òun náà ni mo fi kọ́ ilé tí mò ń gbé ní Ayọ̀bọ̀ báyìí. Ọ̀nà tó wà níwájú ilé náà ni kò dáa, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹjọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì nítorí iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Gbogbo yín lẹ fẹ́ di dókítà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí dókítà tó mọ oògùn tí yóò kọ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti jókòó ti àwọn aláìsàn, kó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, kó sì ní sùúrù láti gbọ́ ìdáhùn. Èmi lẹni yẹn. Ní ilé ìtọ́jú ìlera tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìgàndò, nílùú Èkó, àwọn dókítà máa ń ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń ṣe àwọn tó ń wá síbẹ̀: àìsàn wo ló wọ́pọ̀ jù láàárín wọn, kí ni wọ́n ń jẹ, kí ni wọ́n ń mu, ta ló ń mu sìgá, kí sì ni sìgá náà ń fi ara wọn ṣe. Àwa ni wọ́n máa ń rán sí àwọn aláìsàn. Àwọn Oníbéèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè wá. Tí mo bá lọ ra nǹkan ní Ìkọ̀tún lọ́jọ́ Sátidé, ẹnìkan á pariwo láti òdìkejì ọ̀nà pé, "Àǹtí Oníbéèrè, ẹ ò tíì bi mí bóyá mo ti jẹun o!" Èmi náà á dá a lóhùn pé ìyàwó rẹ̀ ni kó lọ bá.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Láti Èkìtì ni mo ti wá, mo ti ka ìwé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀gbẹ́dá ló gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó sì mọ̀ ọ́n kọ. Mo lọ. Wọ́n ní kí n kà, mo kà. Owó oṣù? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn. Mátírọ̀nì Àjíkẹ́. Háà! Obìnrin kúkúrú báyìí, tí bàtà wọn kì í dún tí wọ́n bá ń rìn, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ ni wàá kàn ti gbóòórùn páúdà wọn. Wọn kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Tó o bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á bọ́ awò ojú wọn, wọ́n á máa fi etí aṣọ nù ún, wọ́n á sì máa wò ẹ́. Ó sàn kí èèyàn gba ẹgba ju kó rí Mátírọ̀nì tí wọ́n ń nu awò yẹn lọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo mú bírò tuntun lọ́wọ́, mo múra bí ẹni tó ń lọ sí báńkì. Mátírọ̀nì gba bírò náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Níkẹ̀ẹ́, lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn. Má bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣáà máa gbọ́."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí ibà ń ṣe! Ṣùgbọ́n mo jókòó. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tún fi òmíràn kún un. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹnìkan á ní ara òun ń gbóná nínú, pé tí ẹ bá fọwọ́ kàn án lóde, ṣe ló tutù. Òmíràn á ní nǹkan kan ń rìn lágbárí òun, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn ọrùn. Àyà ẹni yìí ń já, inú tọ̀hún ń kùn. Ìyá kan tó wá láti àdúgbò Pleasure sọ pé orúnkún òun ń bá òun sọ̀rọ̀ tí òjò bá fẹ́ rọ̀, àti pé kì í parọ́. Nírọ̀lẹ́, Mátírọ̀nì á pè mí.

"Kí lo gbọ́ lónìí?"

"Orí fífọ́, mà."

"Orí wo? Iwájú ni àbí ìpàkọ́? Ta ló ń ṣe? Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀?"

Mo fọwọ́ kan iwájú orí mi, mo tún fọwọ́ kan ìpàkọ́.

"Padà síbẹ̀ lọ́la."

Nígbà tí wọ́n wá dá bírò mi padà fún mi, òfin tún kù. Má dúró lé aláìsàn lórí, jókòó kí ojú yín lè bára mu. Má fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ohun tó bá bá ẹ sọ, inú rẹ ni kó kú sí, nítorí ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí tó wá le jù fún mi ni pé tí aláìsàn bá dákẹ́, kí èmi náà dákẹ́. Èmi! Ẹ bi àwọn ará ilé wa léèrè, àtìgbà tí mo ti mọ̀rọ̀ ọ́ sọ ni mo ti ń sọ ọ́ lọ. Tí mo bá ti fẹ́ la ẹnu, Mátírọ̀nì á já mi lẹ́ẹ̀kánná lábẹ́ tábìlì. Itan mi rí nǹkan nígbà yẹn ṣá.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìwádìí ńlá dé, ìyẹn èyí tó dá lórí sìgá àti ikọ́. Àwọn dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń wá pẹ̀lú ikọ́ tí kò lọ, èémí tí kò délẹ̀, àyà tó ń dun èèyàn, ń mu sìgá, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa bá wọn sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìbéèrè náà, àwa la túmọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ rọrùn lójú: Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?

Ẹ̀yin tí wọ́n bí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ dákun, ẹ sọ fún mi. Bàbá tó lè bí yín lọ́mọ, tó wọ sùtánà funfun, tó fi okùn dì í ní ìbàdí, tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí, ṣé ẹ̀yin náà á gbójú sókè wò ó pé, "Ẹ ń mu sìgá?" Àbí Alájì tó ń ka tẹ̀súbáà lọ́wọ́? Tí ẹnu yín bá gbà á, tèmi ò gbà á. Ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe la ṣe. Kò sí àgbà kan tó máa ń dá wá sí hòsípítù, ọmọ tàbí ìyàwó ló máa ń mú un wá. Ẹni tó mú un wá yẹn la kọjú sí, a wá rọra bi í pé, "Bàbá kì í kúkú mu sìgá?" Ọmọ á fò sókè: "Bàbá wa kẹ̀? Ká má rí i!" Bàbá á máa wo àjà. Àwa á kọ ọ́ pé rárá.

Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ ọ́ o. Ẹ̀kọ́ ilé ló ṣe é fún gbogbo wa. Ràsákì tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó máa ń fi ẹnu ṣe bí akínkanjú, òun gan-an kì í tiẹ̀ sún mọ́ àwọn àgbà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti máa ń bi àwọn ìyàwó wọn.

Ìgbà tí wọ́n kó iṣẹ́ wa jọ ni àjálù dé. Dókítà tó ń darí ìwádìí náà jáde síta, wọ́n dúró sí ẹnu géètì, wọ́n sì wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Gẹ́gẹ́ bí ohun tẹ́ ẹ kọ, kò sí àgbà kan tó ń mu sìgá ní gbogbo Àlímọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ kọ̀ńdọ́ inú dánfó nìkan ni. Ó dáa. Ìyá tó ń ta sìgá níwájú géètì yìí, ta ló ń rà á lọ́wọ́ wọn?" Ìgbà tá a sì wo ibẹ̀, bàbá kan tí Ràsákì kọ rárá fún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló dúró síbẹ̀, tó ń tanná sí tiẹ̀. Ràsákì fi ìwé bojú.

Gbogbo rẹ̀ ló dòfo. Oṣù lórí oṣù tá a fi ṣiṣẹ́, gbogbo àkókò àwọn aláìsàn, wọ́n kó o dànù. Wọ́n ní tá ò bá tún un ṣe kó dáa, ìwádìí náà parí nìyẹn. Mo sunkún. Ràsákì ò sunkún, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ẹ̀wà àgànyìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá sì mọ Ràsákì á mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá nìyẹn.

A ń retí pé Mátírọ̀nì máa gé wa jẹ. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún títí. Wọ́n wá ní, "Àwọn ìyá yín kọ́ yín dáadáa. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi ọ̀wọ̀ di àwọn àgbà lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká wá bí a ṣe máa bọ̀wọ̀ fún wọn kí ẹnu wọn sì ṣí."

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mátírọ̀nì ní àwọn ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó máa ń jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ̀ lé òun wọ yàrá tí a ti ń wọn bí ara ṣe wúwo tó. Ìyàwó ò fẹ́ kí ọkọ gbọ́ tòun, ọkọ ò fẹ́ kí ìyàwó gbọ́ tiẹ̀. Yàrá kékeré ni, òṣùwọ̀n kan àti àga méjì ló gbà. Wọ́n ní ibẹ̀ la ti máa máa béèrè. Wọ́n sì tún ìbéèrè náà tò. A ò ní sọ̀rọ̀ sìgá rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. A ó béèrè pé, "Èéfín wo ló ń wọ inú yín?" Èéfín igi ìdáná ń bẹ, ti jẹnẹrétọ̀ ń bẹ, ti kọ́ìlì ẹ̀fọn, ti pàǹtí tí wọ́n ń sun. Kí àgbà máa kà á lọ fúnra rẹ̀, kó sì rí àyè fi tiẹ̀ sáàárín wọn láìtẹ́. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Àfi kéèyàn ṣí ilẹ̀kùn fún un kó rú jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹni tó jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré ni Bàbá Télọ̀.

Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Command, sùtánà funfun ni wọ́n ń rán fún àwọn ìjọ Aládùúrà, àgbà ìjọ sì ni àwọn fúnra wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ikọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ṣọlá ọmọ wọn, tíṣà tó jẹ́jẹ́ tó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀ dénú, ló máa ń mú wọn wá, òun náà ló sì máa ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bi í nípa sìgá, ojú tó fi wò mí, bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. Wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bàbá wò, kì í ṣe ikọ́ ife. Wọ́n ti fún wọn ní oògùn ikọ́ oríṣiríṣi. Ikọ́ ò lọ. Bàbá ń rù sí i, sùtánà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán sí ìwọ̀n ara wọn wá di bí ẹni wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ṣọlá kí mi tán, ó ní, "Àǹtí, a kàn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni. Gbogbo ẹbí ti rí i pé èyí kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Ní Mọ́ńdè, a ń gbé Bàbá lọ sórí òkè àdúrà. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni. A ò ní padà wá síbí mọ́."

Ara mi bù máṣọ. Kì í ṣe pé mo kórìíra àdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n bàbá tí kò lè rìn dé ẹnu géètì láìdúró mí, kó lọ gbààwẹ̀ lórí òkè, nínú ọyẹ́! Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá lọ, wọ́n lè má sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wọn Bàbá kẹ́ ẹ tó máa lọ."

Ṣọlá dúró síta. Mo ti ilẹ̀kùn, Bàbá gun òṣùwọ̀n. Mo ní, "Bàbá, èéfín wo ló ń wọ inú yín, sà?"

"Èéfín?" Wọ́n ronú. "Ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi wà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi ló gbé e sí. Èyí tó ń ti ibi ìdalẹ̀nù fẹ́ wá wà. Tùràrí wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo kọ ọ́. "Ó kù, sà?"

Wọ́n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu bámúbámú, mo bu ètè jẹ. Itan mi tiẹ̀ ń retí èékánná Mátírọ̀nì. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà ń gbọ̀n, torí pé Bàbá tó dúró lé e lórí ń gbọ̀n.

Wọ́n ní, "Èyí tó kù, ọmọ mi, inú àpò mi ló wà."

Wọ́n kì ọwọ́ bọ abẹ́ sùtánà, wọ́n mú áńkáṣíìfù kan tí wọ́n dì jáde. Sìgá ni, àti súìtì míńtì tí wọ́n fi ń pa òórùn rẹ̀. Wọ́n ní àtìgbà tí àwọn ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni, nígbà tí ọ̀gá àwọn máa ń kó iṣẹ́ aṣọ ọdún lé àwọn lórí, sìgá ni kì í jẹ́ kí oorun kun àwọn. Òfin ìjọ kò gbà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéyàwó, ìyàwó ò gbọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pe Dókítà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Tí Ṣọlá bá gbọ́, ojú wo ni màá fi wò ó? Ó dán sìgá wò nígbà tó wà ní ọmọdé, mo nà án débi tí ìyá rẹ̀ fi bá mi jà. Kí n wá sọ fún un pé èmi náà ń mu ún? Ó sàn kí n lọ sórí òkè."

Omi bọ́ lójú mi. Ẹ gbọ́, mo ti gbọ́ ẹjọ́ àìsàn oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó fẹ́ kú kí ọmọ má baà mọ̀ pé ó ṣe àṣìṣe.

Mo lọ bá Mátírọ̀nì. Mo ní kí n sáré sọ fún Ṣọlá kó tó di Mọ́ńdè. Awò kúrò lójú. "Kí ni mo sọ fún ẹ? Ẹnu ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ jáde. Tó o bá já bàbá yẹn síta, kò sí àgbà kankan tó máa wọ yàrá òṣùwọ̀n yẹn mọ́." Mo ní, "Ṣé ká wá máa wò wọ́n ni, mà?" Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o máa wò wọ́n? Òfin ní kó o má sọ. Kò ní kó o má bẹ̀."

Ìyẹn ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní Command lọ́jọ́ Sátidé, tí mo gbé aṣọ dání bí ẹni tó fẹ́ rán bùbá. Bàbá jókòó ti ẹ̀rọ, ìyàwó wọn, Ìyá Ṣọlá, jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ gán etí sùtánà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá bí ẹni tó fẹ́ júwe ọrùn aṣọ, mo wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí wọn létí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo wa la ń bọ̀wọ̀ fún yín. Ọ̀wọ̀ náà ló wá fẹ́ẹ́ pa yín yìí. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Bàbá wúkọ́ títí tí ẹ̀rọ fi dákẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wo ìyàwó wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Ṣọlá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

Ìyá Ṣọlá ò gbójú sókè kúrò lára abẹ́rẹ́ wọn. "Ti sìgá ni?"



Bàbá la ẹnu, wọn ò lè pa á dé. Ìyá ṣáà ń rán aṣọ lọ. "Bàbá Ṣọlá, ta lẹ rò pé ó ń lẹ ihò tí iná ń dá sí àpò yín láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá? Àwọn áńgẹ́lì? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, ṣé hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ ká sùn?"

"O mọ̀! O ò sì sọ̀rọ̀?"

"Kí n ti ibo bẹ̀rẹ̀? Olórí mi lẹ jẹ́. Àgbà ìjọ ni yín. Ojú wo ni mo fẹ́ fi bi yín?" Wọ́n ju aṣọ sílẹ̀. "Mo rò pé tí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, ó máa lọ fúnra rẹ̀. Ẹ wá ń rù lójú mi. Mo ń wò yín, ẹ ń rù!"

Ẹkún ni wọ́n bú sí. Bàbá dìde lọ bá wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, àgbà ìjọ nínú ègé aṣọ. Nígbà tó yá, n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì. "Àwọn áńgẹ́lì," ni Bàbá ń wí. "O ní àwọn áńgẹ́lì!" Ẹ̀rín mú ikọ́ wá, ikọ́ mú ẹ̀rín wá, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo ń fi aṣọ bùbá mi nu imú.

Wọ́n pe Ṣọlá. Bàbá ò jókòó, orí ìdúró ni wọ́n wà tí wọ́n fi sọ ọ́ fún un. Ojú ọmọ náà le. Ó ní, "Bàbá, ẹ nà mí." Bàbá ní, "Mo nà ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí pé kó o má lọ dà bí èmi. Má bínú." Ẹ mọ̀ pé kò wọ́pọ̀ kí bàbá Yorùbá sọ pé kí ọmọ má bínú. Ṣọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. Ìyá Ṣọlá ló wá ní, "Ó tó báyẹn. Òkè àdúrà ò ní sá lọ. Ní Mọ́ńdè, hòsípítù là ń lọ."

Wọ́n sì lọ. Ìgbà tí Dókítà gbọ́ òótọ́, wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa wò. Wọ́n ya àwòrán àyà, wọ́n ní sìgá ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́ sórí. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu, wọ́n ní kí wọ́n máa wá kí a máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé sìgá rọrùn láti fi sílẹ̀. Bàbá fi sílẹ̀, wọ́n padà sídìí rẹ̀, wọ́n tún fi sílẹ̀. Orógbó ni wọ́n máa ń rún tí ọ̀fun bá ń yún wọn. Ìyá Ṣọlá rán gbogbo àpò sùtánà wọn pa. Wọ́n lọ sọ ọ́ fún ìjọ fúnra wọn, ìjọ gba ipò lọ́wọ́ wọn fún sáà kan, wọ́n sì dá a padà nígbà tó yá. Díẹ̀díẹ̀ ni ara ń padà bọ̀ sínú aṣọ. Wọn ò pa ìwádìí wa náà tì, a tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti yàrá òṣùwọ̀n, àwọn àgbà sì sọ̀rọ̀ débi pé ìwé wa ò gbà á mọ́.

Àwọn nǹkan yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Mátírọ̀nì fẹ̀yìn tì, èmi náà di ẹni tó ń já ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ẹ̀kánná. Bírò lọ, wọ́n kó fóònù pẹlẹbẹ fífẹ̀ fún wa, tó jẹ́ pé ìka la fi ń tẹ ìdáhùn. Ojú mi ò tètè mọ̀ ọ́n, mo ti tẹ aboyún sí bàbá arúgbó rí. Wọ́n tún kó ẹ̀rọ kékeré kan dé tí èèyàn á fẹ́ èémí sínú rẹ̀, tí á sọ bóyá èéfín wà nínú èémí náà. Ràsákì ní iṣẹ́ ti parí, ẹ̀rọ ò mọ àgbà. Lándílọ́ọ̀dù kan wá fẹ́ èémí sí i, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ fò lọ sókè. Ó búra pé òun kì í mu sìgá, ìyàwó rẹ̀ bá a búra, wọ́n fẹ́ jà. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ bi í léèrè ni mo gbọ́ pé ṣe ló ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú kọ́rídọ̀ kí olè má gbé e. Ẹ̀rọ ò parọ́, kò kàn mọ ọ̀rọ̀ ọ́ bi ni. Ẹ̀mí lándílọ́ọ̀dù yẹn àti ti ìyàwó rẹ̀ la gbà là lọ́jọ́ náà, torí ọjọ́ yẹn gan-an ló gbé jẹnẹrétọ̀ náà síta.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n gba ọmọbìnrin tuntun kan, Tèmítọ́pẹ́. Ọmọ tó mọ ìwé dáadáa ni, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn èèyàn pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, orí bẹ́ǹṣì ló ti ń bi wọ́n. Bàbá Télọ̀ wá gba oògùn wọn, wọ́n jókòó nínú sùtánà funfun tó mú wọn lára dáadáa. Tèmítọ́pẹ́ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ó bi wọ́n ní orúkọ, ó bi wọ́n ní àdúgbò, ó bi wọ́n nípa ikọ́. Ó wá dé ibi sìgá. Ó wo Bàbá, ó wo sùtánà, mo sì rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ń lọ tẹ rárá lójú fóònù.

Mo fẹ́ pariwo. Mo gbé e mì.

Bàbá fi ọwọ́ dí ojú fóònù náà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o fo ọ̀kan. O ò tíì bi mí nípa sìgá."

"Ẹ má bínú, sà, mo rò pé…"

"Má rò ó. Bi mí. Bi mí sókè kí wọ́n gbọ́."

Ọmọ náà wò mí. Mo mi orí sí i pé kó béèrè. Ó gbé ohùn sókè: "Bàbá, ṣé ẹ máa ń mu sìgá, sà?"

Bàbá Télọ̀ dìde dúró. "Mo mu ún. Mo fi pamọ́ fún ìyàwó, mo fi pamọ́ fún ọmọ, mo fi pamọ́ fún ìjọ, ó kù díẹ̀ kó pa mí. Mo ti fi sílẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jókòó. Alájì kan wà ní ìkángun bẹ́ǹṣì náà, ẹni àpọ́nlé ní Ìkọ̀tún, tí ikọ́ rẹ̀ ti pẹ́, tí èmi fúnra mi ti bi léèrè nínú yàrá òṣùwọ̀n lọ́dọọdún, tó sì máa ń ka gbogbo èéfín ayé fún mi tán, tó sì máa ń dúró síbẹ̀ láìdárúkọ sìgá. Ó yọ fìlà rẹ̀ lórí, ó gbé e lé orúnkún.

Ó ní, "Ọmọ mi, tó o bá ti parí tiwọn, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."